Ìró Tó Ń Tọ Àsíátù Lẹ́yìn

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Àsíátù fi tẹ epo nínú ẹkù ní Ọ̀rà, kòtò tí àwọn obìnrin máa ń wọ̀ láti fi ẹsẹ̀ gún ẹyìn tó ti jinná. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, yóò tún ru igi ìdáná relé. Òun àti Àbíkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é, wọ́n a di ara wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1996, Àsíátù nìkan ń ti ẹkù bọ̀ láàárọ̀ nígbà tó gbọ́ nǹkan lẹ́yìn: kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó dúró, ìró náà dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, kùrukùru ọyẹ́ nìkan ló rí. Ó ka Áyátúl-Kúrísíyù fún ààbò, ó yára, ìró náà yára. Orí rẹ̀ wú. Kó tó délé, orúnkún rẹ̀ ti wú pẹ̀lú.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òun àti Àbíkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lórí àyè nínú kòtò ni. Ó gbà pé Àbíkẹ́ ri nǹkan mọ́ ojú ọ̀nà, òun sì ti tẹ̀ ẹ́. Kò kí i mọ́, odindi ọdún kan, bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé. Ìró náà sì wá ń bá a gbélé. Bó bá dìde lórí ìrun, yóò gbọ́ ọ nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn.

Fáòsíátù ọmọ rẹ̀ ló fipá mú un dé ọsibítù ní Ìlá. Dókítà ní, "Ẹ gbọ́wọ́ lé orúnkún yín, mà. Ẹ nà án. Ẹ ká a."

Kẹ́rẹ́. Ó dún lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Kèrékèré tó bo orí egungun yín ló ti jẹ, mà, ni egungun fi ń ha ara wọn. Ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti ẹrù rírù wà ńbẹ̀, ó sì máa ń wà nínú ìdílé mìíràn. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló ṣe yín."

Ìtìjú bò ó. Kò tilẹ̀ yà sílé, ilé Àbíkẹ́ ló gbà lọ. Ó ṣe sàlámù lẹ́nu ọ̀nà. Láti inú ilé, ó gbọ́ ọ: kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀, tirẹ̀ kọ́ ló ń dún.

Àbíkẹ́ yọ, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú.

"Dúró síbẹ̀," ó wí. "Èyí tí o rì sọ́nà ẹkù dè mí ti tó mi. Kí lo tún gbé wá?"

Àsíátù fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Orúnkún kọ̀, kò ká. Àbíkẹ́ wò ó bó ṣe dúró ṣánṣán níwájú òun.

"O ò tilẹ̀ lè kúnlẹ̀," ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.