Ìwé Keje Tí Mo Gbàgbé Láti Dojú Rẹ̀ Bolẹ̀

Ọmọ mi ra ìwé ìtàn iwin àlòkù kan wálé, òórùn kánfọ̀ ló gbé wọlé.

Mẹ́fà irú rẹ̀ ni mo kó jọ lọ́mọdé, pẹ̀lú kánfọ̀, sábẹ́ káńtà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Awendjé, àdúgbò kan ní ìlú òkèèrè tí a ṣí lọ. Mo máa ń dojú wọn bolẹ̀ kí iwin ara èèpo wọn má baà jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo ra ìkeje, mo gbàgbé.

Lójijì ni Bàbá fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, ó sì wọ́ mi sábẹ́ káńtà. Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń pariwo kí a ṣí i, lédè Faransé, èdè tí àwọn iwin inú ìwé mi ń sọ. Òógùn Bàbá ń kán sí mi lọ́rùn.

"Bàbá, iwin ni. Èmi ni mo jẹ́ kó jáde."

"Panu mọ́, Ṣìkírá. Má tilẹ̀ mí."

Mo na ọwọ́, mo dojú ìwé náà bolẹ̀. Ariwo náà dákẹ́.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá tó ń wá àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ni.

Tèmi wà nínú pọ́ọ̀sì mi, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Síbẹ̀, kí n tó jáde lónìí, mo dojú ìwé ọmọ mi bolẹ̀.