Sùyà tí Mo Rà fún Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí mo gún ìyàwó mi lábẹ́rẹ́ ní Suitland, ní Amẹ́ríkà, nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a lọ kí, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ẹ̀pà kò bá ara Àbẹ̀kẹ́ mu rárá, ó lè pa á. Èmi ọlọ́gbọ́n ra sùyà fún un, mo gbàgbé pé ẹ̀pà wà nínú ata rẹ̀. Kò pẹ́ tó jẹ ẹ́ tí ètè rẹ̀ wú, kò sì lè mí dáadáa. Mo pe áńbúláǹsì, mo yọ abẹ́rẹ́ tí dókítà ní kó máa gbé kiri nítorí ẹ̀pà nínú báàgì rẹ̀, mo bá dijú, mo ń gbàdúrà.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ gún mi ná! Ẹ ó ṣàmín tó bá yá.”

Mo gún un nítan. Igbe tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, ó ti ń mí. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé kò dùn yín púpọ̀?”

Láti ọjọ́ náà, èmi gan-an kì í jẹ ẹ̀pà mọ́.