Ẹni Tó Ń Gbẹ́ Yàrà Nínú Kùrukùru

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ á bọ́ mi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹran á sì wà nínú ọbẹ̀. Ní Dublin báyìí, yúrò mẹ́rin ni ife kọfí kan. Gbogbo nǹkan ló wọ́n tán, àfi irọ́, n ò sì fẹ́ fi ọjọ́ ogbó mi tà á. Ẹ gbà mí gbọ́.

Ìlú Rush nítòsí Dublin lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, létí òkun, nínú oko kan tá a ti ń gé kábéèjì: èmi, Làtí ọ̀rẹ́ mi, Súlè àti Màmá Dámi. Lẹ́yìn oko yẹn ni òkìtì ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan wà, yàrà yí i ká bíi yàrà ìlú wa gan-an. Wọ́n ní ilé ọlọ́lá kan ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Koríko ló kù, àti omi nísàlẹ̀ yàrà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kùrukùru bolẹ̀. Súlè àti Màmá Dámi ti lọ wọ bọ́ọ̀sì. Àkókò ìrun Mọ̀gáríbì tó, Làtí sì fẹ́ ṣe àlùwàlá.

"Omi wà nínú yàrà yẹn," ó ní.

"Làtí, omi ta ni?"

"Omi Ọlọ́run ni. Dúró dè mí, alákọ̀wé."

Mo dúró títí. Mo pè é, kò dáhùn.

Mo wá rí ẹnì kan nínú kùrukùru, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ yàrà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó kọjá láìkí i? Ẹnu mi ti là kí n tó ronú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!"

Ó nàró. N ò rí ojú rẹ̀. Ó kàn na ṣọ́bìrì sí apá òsì.

Mo sáré lọ síbẹ̀. Làtí ti rì sínú ẹrẹ̀ dé àyà, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo dojú bolẹ̀ sórí koríko, mo na síkáàfù mi sí i, mo fà á. Ó rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ, bíi pé ẹnì kan ń tì í láti ẹ̀yìn.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Grand ni mo wà," bí àwọn ará Ireland ṣe ń sọ pé dáadáa làwọn wà ló ṣe sọ ọ́, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹnì kan di ọrùn ẹ̀wù mi mú kí n má bàa rì. Ìwọ kọ́?"

"Làtí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

A wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kan, kò sí ṣọ́bìrì. Ṣùgbọ́n amọ̀ wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ipa ìka gbọọrọ.

Súlè ti dolóògbé. Màmá Dámi wà ní Clondalkin, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Làtí wà láyé, ó ṣì ń pè mí ní alákọ̀wé.

Tẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá nínú kùrukùru, ẹ kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣáà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà o. Ọ̀tọ̀ lẹni tí mo kí, ọ̀tọ̀ lẹni tó di Làtí mú; n ò mọ iye tí wọ́n jẹ́ níbẹ̀, n ò sì lè búra pé gbogbo wọn ló ń ti èèyàn sókè.