Ìkòkò Tí Mùtíátù Wá Gbà

Ìró ilẹ̀kùn kan ló mú mi padà sí ìgbà èwe mi ní Sátidé tó kọjá, inú fíìmù sì ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn náà. Ilé-ìkàwé ìjọba níbí ní Ọ̀tà ni wọ́n ti ń fi fíìmù àtijọ́ kan han aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn mìíràn wá láti Ìjókò. Fún ẹni tí kò mọ fíìmù náà: ìyá àgbà kan dá wà nínú ilé, iwin wá kan ilẹ̀kùn, ìyá sì fi ohùn gbígbọ̀n béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ìwòran ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Èmi ni o! Ìyá mi ní kí n wá gba ìkòkò wa!"

Ẹ̀rín sọ. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, yàrá kan péré ni ilé-ìkàwé wa, ó ń rùn bí ìwé tí òjò pa. Orí ẹní là ń jókòó sí. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, tí à ń pè ní Àǹtí Oníwèé, ní tẹlifíṣọ̀n kékeré àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti ka ìwé kan tán ló ń wo fíìmù ní Sátidé. Fíìmù yìí kan náà ni, Sátidé dé Sátidé! A mọ ibi tí ìyá àgbà yóò ti wúkọ́ ju bí a ṣe mọ ìṣirò lọ.

Mùtíátù ni ọ̀rẹ́ mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ páànù kan ní Sàngó, ilé wọn sì kọjú sí tiwa. Ìyá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, mọ ìkòkò yá, kò mọ̀ ọ́n dá padà. Ìkòkò ńlá ìyá Mùtíátù ń sùn nílé wa ju ilé ẹni tó ni ín lọ. Bí Mùtíátù bá ti wá kan ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ìyá mi á ní, "Ta nìyẹn?" bí ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí ìyá inú fíìmù ṣe béèrè, tí ẹ̀rù bà wá tí a dì mọ́ra wa, Mùtíátù dìde lórí ẹní, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó sì dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá ìyá mi lóhùn lẹ́nu ọ̀nà wa. Àǹtí Oníwèé rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa là ń dáhùn. Àwọn àbúrò wa gbà á lẹ́nu wa.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ páànù náà kógbá sílé. A dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilé wọn ti ṣófo. Ìkòkò wọn ṣì wà lórí ààrò wa. N kò rí Mùtíátù mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú maikirofóònù lọ́wọ́ ní Sátidé tó kọjá sọ pé àwọn ọmọ yunifásítì kan l'Ékòó ló dá ìdáhùn yẹn sílẹ̀. Irọ́ ni. Kì í ṣe Èkó, Ọ̀tà ni. Kì í ṣe ọmọ yunifásítì, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo dìde, mo ní kó kàn bá mi dárúkọ ọmọ náà, bóyá ẹnì kan níbẹ̀ mọ ibi tó wà.

"Dádì, ẹ ṣeun, kò sáyè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ ń dí àwọn tó wà lẹ́yìn lójú."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Àbí ẹ̀yin lẹ ni ìkòkò ni, Dádì?"

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ọ̀dọ̀ mi ló kàn wà.

Ẹní ti di àga tìmùtìmù, tẹlifíṣọ̀n kékeré ti di aṣọ funfun tó bo ògiri. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan fi ṣeré kò kú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sọnù, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà ń pa lẹ́rìn-ín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Mùtíátù Àdùkẹ́ ló ni ín.

Mùtíátù, ìkòkò yín wà, tòun ti ọmọrí rẹ̀. Ìyá mi ò sí mọ́. Bí o bá kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ pé ta nìyẹn.