Màlúù Màmá Wà Lókè Odò

Màmá mi kì í mu omi pọ́ǹpù. Ó ní ó ń rùn bí irin, ọ̀fun òun kò gbà á. Omi odò tó ń ti ẹ̀yìn òkè ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ilé wa ló mọ̀. Ní òkè Dassa níbí, a gbà pé omi tó bá ti gba orí àpáta kọjá ti wẹ ara rẹ̀ mọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Màmá, tó ń ṣu gbuuru, tí ara rẹ̀ ń gbẹ. Nọ́ọ̀sì ní omi ló fà á.

Mo fi ìbínú tọ odò náà lọ sókè. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ti bo ojú omi, ó ń yọ̀ bí ilá. Níbi tí omi ti ń sun gan-an ni Fúlàní tó ń bá wa da màlúù kó agbo sí. Ìgbẹ́ màlúù ga dé orúnkún, òjò sì ń wọ́ ọ lọ sínú odò. Ìyàwó rẹ̀ ń fún omi kúrò lára wàrà tó ti dì, omi náà ń ṣàn lọ síbẹ̀.

Mo ní kó kó màlúù rẹ̀ kúrò kíá. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni tèmi níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Wàrà ni owó iṣẹ́ mi." Ó nàka sí abo pupa kan. "Ti Màmá yín nìyẹn."

Mo wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sún díẹ̀. Ó ní oko òwú wà lọ́tùn-ún, oko iṣu wà lósì. Bí màlúù bá jẹ ewé kan, àwa náà la ó lu òun. Kò purọ́.

Mo padà sílé, mo ní ká ta màlúù náà, bóyá àwọn aládùúgbò náà á ta tiwọn.

"Màlúù ìsìnkú mi lo fẹ́ tà?" Màmá dìde jókòó lórí ẹní. "Kí lẹ ó fi sin mí, adìyẹ? Kí wọ́n lè ní mi ò bímọ?"

"Màmá, ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ̀ ń mu."

"Ó ti gba orí àpáta."

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Lánàá, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo se omi pọ́ǹpù, mo jẹ́ kó tutù, mo gbé e fún un. Ó pa ẹnu dé. Ètè rẹ̀ ti là. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ èmi náà. Nígbà tó yá, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, mo pọn omi rẹ̀ wá, mo sì gbé orí Màmá sókè kó lè mu ún.