Ibi Tí Màámi Tẹ́ Ẹní Sí

Bí wọ́n bá ti da omi sórí sìmẹ́ńtì nítòsí mi báyìí, òórùn rẹ̀ á gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kúdẹtì.

Àwọn òyìnbó mẹ́rin kan ti òkè òkun wá kọ́lé síbẹ̀ tí wọ́n á ti máa tọ́jú àwọn ọmọdé tó bá ń ṣàìsàn fún wa. Ọ̀fẹ́ ni, nítorí Ọlọ́run. Oòrùn ti sọ ọrùn wọn di pupa bí epo, síbẹ̀ ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n bá Màámi níbẹ̀ lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyàwó, dìde fún àwọn àlejò," ni Bàbá Àgbà, olórí agbo ilé wa, wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ibí ni atẹ́gùn wà."

"Atẹ́gùn kẹ̀?"

Ojú tì mí. Mo ní agídí ló ń ṣe, ni mo bá fà á lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó dìde, ẹ̀wà dànù, òyìnbó obìnrin kan bá a ṣà á tán, wọ́n sì da kọnkéré síbẹ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé abẹ́ ẹní yẹn ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi jòjòló sí, àti pé, nígbà tí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, Màámi ò lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́.

Àmọ́ kí n tó dàgbà, nígbà tí ibà mú mi, Màámi mú mi lọ sílé náà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé mọ́ṣáláṣí ni?" ni mo bi í.

"Ìwọ náà bọ́ tìẹ," ló wí. "Kí o sì rọra tẹlẹ̀."