Alhaji Kò Ní Ṣe Àlùwàlá

Iléyá la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, ẹ̀jẹ̀ àgbò kò tíì ṣàn tán nínú gọ́tà Ẹnu Ọ̀wá, nígbà tí a dìbò káńsù tó kọjá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi pé lọ́yà ló tà wá, ó yá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ọ̀sán gangan ni bọ́ọ̀sì funfun kan tí kò ní nọ́ńbà dé. Àwọn ọmọkùnrin inú rẹ̀ yìnbọn sókè, gbogbo wa sá, wọ́n sì gbé àpótí ìbò wa lọ. Ẹni tí a kò dìbò fún ni àjọ elétò ìdìbò kéde pé ó wọlé. Èmi ni lọ́yà ẹgbẹ́ òṣèlú wa, mo sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí ojú wọn. Ìyá Mútíátù ni, tó ń ta àdìrẹ ní Jankara, tí fèrèsé ilé rẹ̀ kọjú sí ibùdó ìdìbò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá jẹ́rìí.

"Ọmọ mi, má bínú. Bọ́ọ̀sì yẹn kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọn ò bú mi o. Wọ́n kàn ń kí mi ni, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun torúkọ."

Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji Gàníyù, alága ẹgbẹ́ wa, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Aṣọ ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀rẹ́ bàbá mi sì ni.

"Èmi á jẹ́rìí. Mo rí wọn."

"Alhaji! Ìjẹ̀bú lẹ wà lọ́jọ́ yẹn, níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n yín."

"Ṣé irọ́ ni pé wọ́n gbé àpótí? Ẹ̀gún la fi ń yọ ẹ̀gún."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa di Kùránì mú búra?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò ní ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ náà. Ìbúra tí kò ní àlùwàlá kì í mú èèyàn."

Ẹ gbà mí! Ẹni tó ti lọ Hájì ló ń sọ̀rọ̀ yìí! Lọ́yà tó bá mọ̀ pé irọ́ ni ẹlẹ́rìí òun fẹ́ pa kò gbọdọ̀ gbé e síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ wa kò ní ẹnu mìíràn tó lè sọ ọ́. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí òfin pàápàá.

"Mi ò lè ṣe é, sà."

"Àwọn yẹn jí ìbò, ìwọ wá fi òfin daṣọ bò wọ́n."

Adájọ́ da ẹjọ́ wa nù torí a kò ní ẹlẹ́rìí. Bí mo ṣe jáde, bọ́ọ̀sì funfun náà wà níta. Awakọ̀ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Ẹ bá wa kí Hàlímà nílé o."

Hàlímà lọmọ mi.

Mi ò lọ́wọ́ nínú irọ́, Alhaji kò sì búra èké. Ohun tí a jèrè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbò àdúgbò wa lọ. Alhaji ṣì ń dáhùn sálámà mi torí ọ̀ranyàn ni, ṣùgbọ́n kì í wojú mi mọ́. Òótọ́ yẹn ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn wa, a ò tíì sọ ọ́ níbi tó yẹ.

Ìbò mìíràn ti ń bọ̀. Lánàá ni Ìyá Mútíátù wá sílé mi.

"Tí wọ́n bá tún gbé àpótí, màá sọ ohun tí mo bá rí. Mo ti kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí Ọ̀yọ́." Ó wo Hàlímà tó ń gbálẹ̀. "Tìẹ ńkọ́?"

Láti àárọ̀ òní ni bọ́ọ̀sì funfun náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.